Lẹ́tà Ṣíṣí sí Mínísítà Àṣà àti Olùdarí Àgbà National Gallery of Art: Ẹ Fún Iṣẹ́ Ọnà Òde Òní Nílé, Kí Ẹ sì Ṣílẹ̀kùn Rẹ̀ fún Ará Ìlú

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Mínísítà fún Iṣẹ́ Ọnà, Àṣà, Ìrìn-àjò Afẹ́ àti Ọrọ̀ Ajé Àtinúdá, àti sí Olùdarí Àgbà àjọ National Gallery of Art, Àbújá.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Èkó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síta, kí ará ìlú lè bá wa dá sí i.

Nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ní ọjọ́ kìíní, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu tún National Theatre tó wà ní Ìgànmú ṣí, lẹ́yìn àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2021, tí Báńkì Àpapọ̀ àti ìgbìmọ̀ àwọn oníbáńkì náwó lé lórí. Orúkọ tuntun tó ń jẹ́ báyìí ni Wole Soyinka Centre for Culture and the Creative Arts. Ní ọjọ́ kẹjọ, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Tate Modern ní Lọ́ńdọ̀nù ṣí àfihàn ńlá kan tí wọ́n pè ní Nigerian Modernism. Iṣẹ́ tó lé ní 250 ni wọ́n pàtẹ, látọwọ́ oníṣẹ́ ọnà tó lé ní 50: Onabolu, Enwonwu, Lasekan, Grillo, Onobrakpeya, Uche Okeke, àti àwọn ará Òṣogbo.

Inú mi dùn sí méjèèjì. Ilé tó ti fẹ́ẹ̀ dahoro ti ń tàn, iṣẹ́ àwọn bàbá wa sì ti gba ibi tó tọ́ sí i lójú àgbáyé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kíláàsì mi rí àwòrán àfihàn Lọ́ńdọ̀nù náà lórí fóònù, wọ́n sì ń bi mí níbo làwọn náà ti lè lọ wo irú rẹ̀ nílé níhìn-ín. Mo lè júwe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yemisi Shyllon fún wọn, èyí tó ṣílẹ̀kùn lọ́dún 2019 nínú ọgbà Pan-Atlantic University, pẹ̀lú iṣẹ́ bí 1,000 tí ọmọ ọba Shyllon fúnra rẹ̀ fi tọrẹ. Mo lè júwe ilé Màmá Nike Okundaye ní Lekki. Akitiyan ẹnìkọ̀ọ̀kan nìyẹn, kí Ọlọ́run bù sí i fún wọn. Ti ìjọba, tó jẹ́ ti gbogbo wa, ni n kò rí júwe.

Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Àkójọ iṣẹ́ ọnà òde òní tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè yìí gbọ́dọ̀ ní ilé. Ilé náà gbọ́dọ̀ ní ètò tí kì í dáwọ́ dúró, tí ẹni tí kò gba ìwé ìpè lè wá, tí wọ́n á sì fi èdè tó gbọ́ ṣe. Ẹ jẹ́ kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

1. Ilé

Òfin ìjọba ológun No. 86 ti ọdún 1993 ló dá National Gallery of Art sílẹ̀. Iṣẹ́ tó gbé lé àjọ náà lọ́wọ́ ni kó ṣa iṣẹ́ ọnà òde òní jọ, kó tọ́jú rẹ̀, kó sì máa fi í han aráyé. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò sì tíì sí ilé tí a dìídì kọ́ fún un kó lè máa fi àkójọ náà hàn jálẹ̀ ọdún. A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìyẹ. Ẹni tí ẹ fi òfin sọ ní olùtọ́jú iṣẹ́ ọnà orílẹ̀-èdè, tí ẹ ò fún nílé, kí lẹ fẹ́ kó fi ṣiṣẹ́?

Ọgbà National Theatre ni ẹ̀ka Èkó wà, nínú ilé tí wọ́n fi orúkọ Aina Onabolu sọ. Orúkọ yẹn wúwo. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí Onabolu sí lọ́dún 1882. Ìgbà tí àwọn òyìnbó amúnisìn ń sọ pé èèyàn dúdú kò lè ya àwòrán ojú ènìyàn kó jọ ẹni náà, ó ń yà á, láìsí olùkọ́. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1920, ó kẹ́kọ̀ọ́, ó padà wálé. Kò jókòó sílé kó máa ya àwòrán àwọn ọlọ́lá nìkan. Ó ń ti ilé ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn l'Ékòó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bí a ṣe ń fi lẹ́ẹ̀dì àti ọ̀dà ṣiṣẹ́. Òun náà ló ń rọ ìjọba títí tí wọ́n fi mú Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ará Gẹ̀ẹ́sì, wá lọ́dún 1927 láti wá kún un lọ́wọ́. Ẹ rí i pé ẹni tí ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé, kíkọ́ àwọn ọmọ ìlú ló fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe.

Tíátà ni National Theatre. FESTAC '77, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn èèyàn dúdú àgbáyé, ni wọ́n kọ́ ọ fún, gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ gba 5,000 ènìyàn. Mo mọ̀ pé àyè àfihàn wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ Erhabor Emokpae sì wà lára ògiri rẹ̀ níta, tí gbogbo ẹni tó bá gba afárá Èkó Bridge kọjá ti mọ̀ lójú. Síbẹ̀, bí eré bá wà, eré ló ni ilé. Bí àtúnṣe bá dé, bó ṣe dé lọ́dún 2021, gbogbo ètò tó wà lábẹ́ òrùlé náà ló máa dúró dè é. Ọmọ tó wọ JSS1 lọ́dún yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí girama kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ibòmíràn tó kàn wá ṣe ẹ̀rí. Ní Salvador, ní Bahia ti ilẹ̀ Brazil, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ti mú òrìṣà àti orin wa dé, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà òde òní wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MAM. Nígbà tí Lina Bo Bardi, ayàwòrán ilé, dá a sílẹ̀ lọ́dún 1960, inú tíátà lòun náà ti bẹ̀rẹ̀, ní gbọ̀ngàn àbáwọlé Teatro Castro Alves. Nígbà tó fi máa di ọdún 1963, ó ti kó o lọ sí Solar do Unhão, ilé àtijọ́ létí òkun tí wọ́n tún ṣe fún un, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní. Iṣẹ́ Rubem Valentim tó ń jẹ́ Templo de Oxalá, ti ọdún 1977, wà lára àkójọ ibẹ̀: ojúbọ Ọbàtálá ni, ère funfun lóríṣiríṣi, tí a gbé kalẹ̀ bí iṣẹ́ ọnà òde òní láìtijú. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n lò nínú tíátà kí wọ́n tó ní ilé tiwọn. Àwa ń kọ́?

2. Ètò tó ń lọ déédéé

Ẹ ti lọ síbi ṣíṣí àfihàn jù mí lọ, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Àwọn èèkàn á jókòó níwájú, wọ́n á kí wọn níkọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ á gùn, wọ́n á gé ríbọ́nù, kámẹ́rà á máa kọ mànà, ìpápánu á kárí. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ á pa lọ́lọ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nìkan lẹ máa bá níbẹ̀. Ayàwòrán tó ti fi ọdún gbáko jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ kò ní rí ẹni bá jíròrò lórí rẹ̀ mọ́, ọmọ iléèwé tí ì bá bi í ní ìbéèrè kò sì mọ̀ pé ó wá.

Kì í ṣe báyìí ni iṣẹ́ ọnà òde òní ṣe gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Lọ́dún 1961, Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, àti àwọn òǹkọ̀wé bíi Wole Soyinka, tí orúkọ rẹ̀ wà lára ilé Ìgànmú lónìí, Chinua Achebe, Christopher Okigbo àti J. P. Clark dá Mbari Club sílẹ̀ n'Íbàdàn. Ilé oúnjẹ kan tó ti jẹ́ ti ará Lẹ́bánónì tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di ibùdó. Wọ́n ń pàtẹ àwòrán níbẹ̀, wọ́n ń ṣeré, wọ́n ń ka ewì, wọ́n sì ń tẹ̀wé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Dúró Ládípọ̀, olórí ẹgbẹ́ òṣèré, ṣí Mbari ti Òṣogbo nínú ilé tirẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi máa ń lọ nígbà tí mo bá ń gbọ́ pé owó ni kò jẹ́ ká lè ṣètò nǹkan.

Ẹ wo àwọn tó wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Òṣogbo, èyí tí Denis Williams kọ́kọ́ darí, tí Georgina Beier wá tẹ̀ síwájú lọ́dún 1964. Jimoh Buraimoh ló ń bójú tó iná orí ìtàgé fún ẹgbẹ́ Dúró Ládípọ̀. Òṣèré ni Rufus Ogundele àti Jacob Afolabi nínú ẹgbẹ́ yẹn kan náà. Muraina Oyelami wá láti Ìràgbìjí. Taiwo Olaniyi, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Twins Seven Seven, oníjó ni, tó ń bá ẹnìkan tó ń ta oògùn káàkiri ìlú láti pe èrò jọ. Kò sẹ́ni tó béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó gba búrọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fún wọn ní ọ̀dà, wọ́n fún wọn láyè, wọ́n ń padà wá lójoojúmọ́. Buraimoh bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán. Twins Seven Seven di ẹni tí UNESCO fi oyè Artist for Peace dá lọ́lá lọ́dún 2005. Lónìí, iṣẹ́ àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ètò ló bí wọn. Kì í ṣe ilé aláràbarà, kì í ṣe àsè ìfilọ́lẹ̀. Ètò tó ń lọ déédéé, láàárín ìlú, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan. Bàbá Bruce Onobrakpeya bẹ̀rẹ̀ Harmattan Workshop ní Agbarha-Otor, ní Ìpínlẹ̀ Delta, lọ́dún 1998. Àwọn oníṣẹ́ ọnà àgbà àti ọ̀dọ́ ń jókòó pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń gbẹ́gi, wọ́n ń fi irin ṣọnà, wọ́n ń tẹ àwòrán, ẹnìkan ń kọ́ ẹnì kejì. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá lè gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ dúró ní ìlú rẹ̀ fún ọdún tó pọ̀ tó yìí, kò yẹ kó ṣòro fún ìjọba àpapọ̀. National Gallery náà ti gbìyànjú rí: lọ́dún 2008 ni ẹ bẹ̀rẹ̀ ìpàdé àti àfihàn ARESUVA, tó kó oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà jọ. Ó dùn mọ́ wa nígbà yẹn. Kò pẹ́ tó fi dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn gan-an ni ẹ̀dùn ọkàn mi, torí ètò tó bá dákẹ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn tó ti ń fojú sọ́nà fún un kì í tètè gba èyí tó bá tún dé lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́.

3. Èdè

N kò ní dárúkọ gbọ̀ngàn tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, torí kò yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn mìíràn l'Ékòó. Mo kó àwọn ọmọ iléèwé mi lọ síbi àfihàn kan. Ìyá ọ̀kan nínú wọn bá wa lọ. Iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó ni màmá náà ń ṣe, òun ló ń sin ín, òun ló ń tà á. Nígbà tó dé iwájú àwòrán kan tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe, ó dúró, kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó súnmọ́ ọn débi pé ẹ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Ó ń fi ìka tọ ipa òwú lójú afẹ́fẹ́, láìfọwọ́ kàn án: bí wọ́n ṣe to ìlẹ̀kẹ̀ pupa ní ìlà méjì yí ojú ẹni inú àwòrán náà ká, tí wọ́n wá fi yẹ́lò dí àárín rẹ̀, tí ìlà náà ń tẹ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe ń tẹ̀, láìsí àlàfo kan. Ó yíjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú wa yí ká, ó bi í ní Yorùbá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, irú gọ́ọ̀mù wo ni wọ́n lò tí kò fi ń ṣí nígbà ọyẹ́? Ṣé wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí òwú ni, àbí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lẹ̀?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo páálí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, ó kà á jáde: "Mixed media on board." Ó sì kọjá sí èyí tó kàn.

Màmá yẹn kò béèrè nǹkan kan mọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀. Ìbéèrè tó sì jinlẹ̀ jù lọ tí ẹnikẹ́ni béèrè lọ́jọ́ náà ni tirẹ̀. N kò bínú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Àwọn tó kọ́ ọ ló gbà pé ẹni tó bá máa wo iṣẹ́ ọnà òde òní gbọ́dọ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọ̀mọ̀wé.

Kí olùkọ́ òyìnbó kankan tó dé ni àwọn agbẹ́gilére wa ti ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dá ère lẹ́jọ́. Wọ́n mọ èyí tó jọra dé ìwọ̀n tó yẹ, èyí tí ojú rẹ̀ fara hàn ketekete, èyí tó dán, èyí tó gún, èyí tó ń gbé èwe ẹni yọ. Ẹ lọ sí Òṣogbo, ẹ lọ sí Ìlá, ẹ lọ bá àwọn oníṣẹ́ ọ̀dọ̀ wọn jókòó, ẹ máa gbọ́ àríyànjiyàn lórí iṣẹ́ ọnà tó gbóná ju ti yunifásítì lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé èdè wa kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà. Ní Òǹíkàn, ní ibùdó John Randle fún àṣà àti ìtàn Yorùbá, wọ́n kọ Yorùbá sára ògiri ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ilé náà kò wó. Bí ó bá ṣeé ṣe fún ìtàn àtijọ́, ó ṣeé ṣe fún Grillo àti Buraimoh.

Orílẹ̀-èdè ni National Gallery wà fún, mo mọ̀. Ní Ẹnúgu, kí wọ́n fi Ígbò ṣe é. Ní Kàdúná, kí wọ́n fi Haúsá ṣe é. Ní Ìgànmú, kí ó kéré tán jẹ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, kí Píjìn náà sì wà níbẹ̀, torí Èkó ni.

4. Ọjọ́, owó àti ọkọ̀

Ètò tó bá bọ́ sí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn tí wọ́n pè nìkan ló máa wá. Oníṣòwò ò lè wá. Télọ̀ ò lè wá. Ọmọ iléèwé wà ní kíláàsì.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Ọlọ́run ti ṣe é tán fún Ìgànmú. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti Èkó ti ń ná Mile 2 sí Marina. Ibùdókọ̀ márùn-ún péré ló wà lójú ọ̀nà náà, ọ̀kan nínú wọn sì ni National Theatre. Ìyá tó ń gbé ní Alábà lè mú ọmọ méjì dání, kó wọ ọkọ̀ ojú irin, kó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ láìbá gosíló pàdé. N kò mọ iye ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Áfíríkà tó ní irú oore yẹn. Kò sí ìdí tí ètò Sátidé kan, láti aago méjìlá sí aago mẹ́rin, kò fi lè kún fún èrò níbẹ̀.

Ní ti owó, wíwo àkójọ tí Tate Modern ní tirẹ̀ kò gba kọ́bọ̀, àfihàn àkànṣe nìkan ni wọ́n ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lé. Ìjọba tiwọn ló ń ṣèrànwọ́ fún un. Mi ò sọ pé kí ẹ má gba owó rárá. Mo ní kí àkójọ tí owó ìlú rà jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú, pàápàá fún ọmọ tó bá wọ aṣọ iléèwé wá. Ẹ gba owó lórí eré, ẹ gba owó lórí àsè tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bá yá gbọ̀ngàn fún. Owó ọkọ̀ tí a fi ń kó ọmọ lọ sí ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ ti tó owó tí òbí lè san.

5. Àkọsílẹ̀

Èyí kò gùn. Lọ́dún 2018, àwòrán Tutu tí Ben Enwonwu fi Adétutù, ọmọ ọba Ilé-Ifẹ̀, yà, jáde láti inú ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí a ti ń wá a. Wọ́n tà á ní gbàǹjo ní iye tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́ùn. Àwòrán àdáni ni, kì í ṣe ti ìjọba. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ tí gbogbo ènìyàn lè rí, ó rọrùn kó sọnù, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ pé ó sọnù. Ẹ tẹ orúkọ gbogbo iṣẹ́ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú yín síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì: orúkọ ẹni tó ṣe é, ọdún, ohun tí wọ́n fi ṣe é, bó ṣe tóbi tó, fọ́tò rẹ̀, àti ibi tó wà báyìí. Àwa olùkọ́ tí a ń fi ẹ̀dà fọ́tò tí kò ní àwọ̀ kọ́ ọmọ ní ìtàn iṣẹ́ ọnà máa kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

6. Ohun tí a ń béèrè

Mínísítà wa, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ọrọ̀ ajé àtinúdá ló máa gba àwọn ọ̀dọ́ wa lọ́wọ́ àìríṣẹ́ṣe. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò rí iṣẹ́ ọnà gidi rí kò lè mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Nítorí náà, láàárín oṣù mẹ́fà sí ìgbà tí ẹ bá rí ìwé yìí:

Ẹ kéde kàlẹ́ńdà ètò ọdún kan gbáko fún àkójọ iṣẹ́ ọnà òde òní ní Ìgànmú, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibùdókọ̀ ojú irin, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba l'Ékòó. Ó kéré tán, Sátidé méjì lóṣù. Kí oníṣẹ́ ọnà kan dúró níwájú iṣẹ́ tirẹ̀, kí ó dáhùn ìbéèrè. Kí àwọn ọmọ rí ọ̀dà àti amọ̀ fọwọ́ bà. Tíátà wà nínú ilé kan náà, ẹ pe àwọn òṣèré àti onílù mọ́ ọn. Ní MAM ti Salvador, orin wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà sì wà níbẹ̀ fún ará ìlú. Òṣogbo ti ṣe é ṣáájú. Kò ṣàjèjì sí wa.

Ẹ gba àwọn afinimọ̀nà tó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, kí ẹ kọ́ wọn ní bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an, kì í ṣe orúkọ àti ọdún nìkan. Ẹ wá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sí i: onílẹ̀kẹ̀, aládìrẹ, alágbẹ̀dẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà. Ẹ sanwó fún wọn bí ẹ ṣe ń sanwó fún ọ̀mọ̀wé.

Ẹ kọ ìsọfúnni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní èdè méjì, ní lẹ́tà tó tóbi tó kí àgbàlagbà lè kà á.

Kí wíwọlé sí àkójọ ìjọba jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ iléèwé àti olùkọ́ wọn.

Ẹ gbé àkọsílẹ̀ àkójọ síta bí mo ṣe sọ lókè.

Ti ilé ni mo fi ṣìkẹyìn nítorí mo mọ̀ pé oṣù mẹ́fà kò tó fún un. Ohun tí a fẹ́ láàárín oṣù mẹ́fà náà ni kí ẹ sọ fún wa, ní gbangba, ibi tí ilé National Gallery máa wà, iye tí ẹ fi sínú ètò ìnáwó fún un, àti ọdún tí ẹ fẹ́ parí rẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ń jókòó lórí ètò ìnáwó lọ́dọọdún. Ẹ gbé e lọ síbẹ̀. Àwa náà máa kọ̀wé sí àwọn aṣojú wa láti tì yín lẹ́yìn.

Bí ẹ bá fẹ́ pe àwọn olùkọ́, àwọn oníṣẹ́ ọnà àti àwọn òbí jọ láti jíròrò lórí kàlẹ́ńdà yẹn, ẹ ránṣẹ́ pè wá. Sátidé ló máa rọrùn fún wa jù. A máa wá, a ò sì ní béèrè owó ọkọ̀ lọ́wọ́ yín.

Mo ń retí èsì yín.

Tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan, Sùúrùlérè, Èkó.